Ta Ni Ó Ni Agbára Eléré?

Bí wọ́n bá dárúkọ eré họ́kì orí yìnyín ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ ni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kò kan ará ilé. Ilẹ̀ tí omi odò ti ń dì gbagidi bí òkúta, tí àwọn ọmọdé ti ń wọ bàtà abẹ́ irin sáré lórí rẹ̀, jìnnà sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2019, nínú gbọ̀ngàn ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Saddledome ní ìlú Calgary ní Kánádà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dìde dúró, wọ́n ń wo àsíá kan tí wọ́n ń fà lọ sí òkè àjà. Nọ́ńbà 12 ni ó wà lára àsíá náà, nítorí pé láti ọjọ́ yẹn lọ, eléré kankan kò tún ní wọ nọ́ńbà náà mọ́ nínú ẹgbẹ́ Calgary Flames. Orúkọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni Iginla. Àwọn ará Calgary ń pè é bí ahọ́n wọn ti lè pè é. Ọmọ Yorùbá tí ó bá kà á kò nílò ògbufọ̀. Igi ńlá ni.

Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tij Junior Elvis Iginla ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí èdè Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni bàbá yìí nígbà tí ó dé Kánádà. Adékúnlé ni ó ń jẹ́ kí ó tó sọ ara rẹ̀ di Elvis, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ òfin títí ó fi di agbẹjọ́rò. Ìyá Jarome jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977 ni wọ́n bí i ní ìlú Edmonton, àwọn òbí ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó tọ́ ọ dàgbà. Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń rìn: Adékúnlé tí bàbá bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ibodè, òun náà ni ó tún mú wọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn.

Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni ó rọrùn jù lọ láti fi wo àwọn ohun mẹ́ta tí ó so kọ́ra nínú eré náà: ìdíje tí ó ń parí ọdún, ètò tí wọ́n fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ eléré láàrin àwọn ìlú, àti ìdúnàádúrà lórí owó iṣẹ́. Ẹni tí ó bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa yóò rí i pé ìbéèrè kan náà ni ó wà ní ìdí wọn. Agbára tí ó wà ní apá eléré, ta ni ó ni ín? Ṣé eléré fúnra rẹ̀ ni, àbí ẹni tí ó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀?

Ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ni ó máa ń dojú kọ ara wọn lórí yìnyín, aṣọ́lé wà nínú wọn. Ọ̀pá tí ó tẹ̀ ní ìdí ni wọ́n fi ń gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri títí yóò fi wọ inú àwọ̀n. Líìgì tí ó lókìkí jù ní àgbáyé ni NHL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Montreal ní ọdún 1917, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di 32 ní ọdún 2021. Ní sáà 2024 sí 2025, ìgbà 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde kí wọ́n tó mọ ẹgbẹ́ 16 tí yóò tẹ̀ síwájú. Ibẹ̀ ni ìjà àjàkú-akátá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì yóò máa pàdé títí ọ̀kan yóò fi borí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin; ẹni tí ó bá pàdánù, ilé ni ó ń lọ. Ìpele mẹ́rin ni, nítorí náà ẹgbẹ́ tí yóò gba ife gbọ́dọ̀ borí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Bí àkókò bá pé tí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọn kì í pín in. Wọn yóò máa gbá a lọ títí di òru bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi gbá góòlù. Ife náà ni Stanley Cup, èyí tí Lord Stanley tí ó jẹ́ gómìnà àgbà Kánádà fi tọrẹ ní ọdún 1892, tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé fún ẹgbẹ́ kan ní ọdún 1893. Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa oṣù méjì ìjà yìí ni pé owó oṣù eléré kì í wọlé nínú rẹ̀. Sáà gbogboogbò ni wọ́n pín owó náà lé lórí. Owó ẹ̀bùn kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ ń pín, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń gba mílíọ̀nù, owó orí ìjókòó ni. Ìgbà tí owó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí yìí gan-an ni wọ́n ń fi eyín àti egungun wọn jìn jù lọ.

Bí ọ̀dọ́ ṣe ń dé inú líìgì náà ni ó gbẹgẹ́ jù. Kí ọdún 1963 tó dé, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́fà tí ó wà nígbà náà ni ó ń bọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé káàkiri Kánádà. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní C form ti di ti ẹgbẹ́ tí ó gbé ìwé náà wá, ẹgbẹ́ yẹn nìkan ni ó sì lè sọ ìgbà tí yóò tú u sílẹ̀. Bobby Orr, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ eré náà gbá jù lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò ju ọmọ ọdún 14 lọ nígbà tí ó di ti Boston ní ọdún 1962. Àwọn Yorùbá mọ ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà mọ iye owó tí ó ń sìn lé lórí, ó sì mọ̀ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá san án, òun yóò ká ẹní òun. Ọmọ tí ó fọwọ́ sí C form kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè san tí yóò fi gba ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1963, nínú ilé ìtura kan ní Montreal, wọ́n gbé ètò tuntun kalẹ̀. Ọ̀dọ́ 21 ni wọ́n yàn ní ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léra, ẹni tí ẹgbẹ́ kan bá sì ti dárúkọ, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a dúnàádúrà. Díẹ̀díẹ̀ ni ètò yìí fi gba ipò C form. Ìlànà tí ó wá fìdí múlẹ̀ ni pé ẹni tí ó kùnà ni yóò kọ́kọ́ yàn, ẹni tí ó gba ife ni yóò yàn kẹ́yìn. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní àwíjàre tí kò ṣe é tì dànù: bí wọ́n bá fi ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu, àwọn ìlú olówó bí New York àti Toronto yóò kó gbogbo ọmọ tí ó mọ eré gbá, àwọn ìlú kéékèèké yóò di ẹran ìjẹ fún wọn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ìdọ́gba yìí kì í ṣe olówó. Ọmọ ọdún 18 ni, òun nìkan ni wọn kò sì bi léèrè ibi tí ó fẹ́ máa gbé.

Èrè tí wọ́n so mọ́ ìkùnà tún bí ọmọ tirẹ̀. Bí ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ bu ọbẹ̀, kí ni yóò mú kí ẹni tí kò lè gba ife mọ́ tún sáré? Nítorí ìfura yìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ gègé ní ọdún 1995. Bọ́ọ̀lù kéékèèké 14 tí nọ́ńbà wà lára wọn ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ, mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà sì ń pọ̀ jáde. Ọ̀nà tí mẹ́rin lè gbà jáde nínú 14 jẹ́ 1,001. Olùkọ́ ìṣirò lè fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò. Wọ́n yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n pín 1,000 tí ó kù fún àwọn ẹgbẹ́ tí kò dé ìdíje ife, ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀yìn pátápátá ni ìpín rẹ̀ sì ń pọ̀ jù. Gègé dín ìwà náà kù, kò pa á. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ẹgbẹ́ Buffalo àti ẹgbẹ́ Arizona, tí wọ́n jọ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pàdé ní Buffalo. Gbogbo ènìyàn ni ó ti mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Connor McDavid ni wọn yóò kọ́kọ́ mú ní ọdún náà. Nígbà tí Arizona gbá góòlù tí ó parí eré, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Buffalo tí ó san owó wọlé dìde, wọ́n hó yèè fún àlejò tí ó na ọmọ ilé wọn. Àwọn eléré Buffalo wà lórí yìnyín, wọ́n ń gbọ́ ọ. Kò sí ìwé òfin tí ó lè ṣàlàyé ìtìjú alẹ́ ọjọ́ náà tó bí ariwo yẹn ti ṣàlàyé rẹ̀.

Buffalo ṣe ẹ̀yìn bí wọ́n ti fẹ́, ṣùgbọ́n gègé kò mú wọn. Edmonton, tí ipò rẹ̀ sàn ju tiwọn lọ, ni ó mú McDavid. Buffalo mú Jack Eichel ní ipò kejì. Ní ọdún 2017 wọ́n bá a ṣe àdéhùn ọdún 8 tí owó rẹ̀ jẹ́ 80 mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn náà ni ọrùn ń dùn ún, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí irú iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò ṣe fún un, nítorí àdéhùn gbogboogbò fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí ọwọ́ ẹgbẹ́. Àní lórí ọrùn ara rẹ̀! Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Vegas. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó fẹ́, ó sì gba ife Stanley pẹ̀lú wọn ní ọdún 2023. Ní ti Buffalo, láti sáà 2011 sí 2012 títí dé sáà 2024 sí 2025, sáà 14 léra wọn ni wọn kò fi dé ìdíje ife.

Ẹnì kan wà tí ó kọ̀ láti lọ sí ibi tí wọ́n yàn án sí. Ní ọdún 1991, Quebec Nordiques ni ìyàn kìíní kàn, wọ́n sì dárúkọ Eric Lindros. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba aṣọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò wọ̀ ọ́. Odindi ọdún kan ni kò fi bá wọn ṣiṣẹ́. Ó bá Kánádà lọ sí Òlíḿpíìkì ọdún 1992, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Nígbà tí Quebec rí i pé kò ní yí ọkàn padà, wọ́n gbé e sọ́jà, ó sì di ohun tí Philadelphia àti New York Rangers jọ ń sọ pé àwọn ti rà. Onílàjà ni ó parí rẹ̀ pé Philadelphia ni ó ni ín. Quebec gba ọ̀wọ́ eléré tí Peter Forsberg wà nínú wọn, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìyàn fún ọjọ́ iwájú, wọ́n tún gba 15 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Ní ọdún 1995 ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Quebec lọ sí Denver, wọ́n sì gba ife ní ọdún 1996. Lindros kò gbà á rárá. Àwọn kan máa ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́ fún ọmọ aláìgbọràn. Èrò wọn kò jinlẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ibi tí òun yóò ti ṣiṣẹ́ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ife kì í sì í ṣe ìdájọ́.

Lindros lè kọ̀ nítorí pé òun ni ẹni kìíní. Ọmọ tí ó wà ní ipò kọkànlá kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ipò kọkànlá ni Jarome Iginla wà ní oṣù keje ọdún 1995, nígbà tí wọ́n ṣe ìyàn náà ní Edmonton, ìlú tí wọ́n ti bí i. Edmonton fúnra rẹ̀ ní ìyàn kẹfà, nínú gbọ̀ngàn tirẹ̀. Wọ́n fò ó, wọ́n mú ẹlòmíràn. Dallas ni ó mú un. Oṣù mẹ́fà kò tí ì pé tí Dallas fi tà á, kò sì tí ì wọ aṣọ wọn gbá eré kankan rí. Ohun tí ó fa èyí kì í ṣe àṣìṣe rẹ̀. Joe Nieuwendyk, ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ Calgary, ń bá àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ fa owó iṣẹ́, ó sì jókòó sí ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1995, Calgary fi í ránṣẹ́ sí Dallas, wọ́n sì gba Iginla àti ẹnì kan sí i. Báyìí ni ìdúnàádúrà ẹlòmíràn ṣe pinnu ìlú tí ọmọ ọdún 18 yóò gbé fún ọdún 17. Nieuwendyk gba ife pẹ̀lú Dallas ní ọdún 1999, wọ́n tún yàn án ní eléré tí ó tayọ jù nínú ìdíje náà. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Calgary fi ń wo ọmọ tuntun náà bí ẹni tí ń wo ṣéńjì ọjà tí kò pé.

Nínú ìdíje ife gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, nígbà tí ìdíje ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ rẹ̀ ti parí, Calgary wà lábẹ́ ọwọ́ Chicago nínú ìpele kìíní. Wọ́n ní kí ó wá, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó wọ bàtà, ó bọ́ sórí yìnyín láàrin àwọn àgbà. Ní ọjọ́ kìíní ó bá wọn dá góòlù kan sílẹ̀ fún Theoren Fleury, ní ọjọ́ kejì òun náà gbá tirẹ̀. Chicago borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n lọ sílé. Calgary kò tún dé ibẹ̀ mọ́ títí di ọdún 2004.

Láàrin ọdún mẹ́jọ yẹn ni Iginla kọ́ ohun tí ìwé àdéhùn jẹ́. Nígbà tí èyí tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí parí ní ọdún 1999, kò sí òmìnira fún un. Òfin ìgbà náà fẹ́ kí eléré tó ọmọ ọdún 31 kí ó tó lè lọ sí ibi tí ó wù ú láìsí ìdíwọ́. Ẹni tí kò tí ì dé ibẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó lè fi jà: kí ó má jáde. Iginla kò jáde. Sáà bẹ̀rẹ̀ láìsí i, eré mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó fẹnu kò. Nínú sáà 2001 sí 2002, ó gbá góòlù 52, kò sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì, ó sì wà ní ipò kìíní nínú àmì 96 tí ó kó jọ. Ní oṣù kejì ọdún 2002, ní Salt Lake City, Kánádà na Amẹ́ríkà 5 sí 2 nínú àṣekágbá Òlíḿpíìkì, góòlù méjì nínú márùn-ún jẹ́ tirẹ̀. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà níbi Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Nígbà tí òun àti Calgary tún jókòó lẹ́yìn èyí, àdéhùn ọdún méjì ni, 13 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ ní ọdún 1999 kò yàtọ̀ sí ti ọdún 2002. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2004 dé. Iginla ti di ọ̀gá eléré. Aṣọ́lé wọn ni Miikka Kiprusoff, ẹni tí wọ́n yàn ní ipò 116 ní ọdún 1995 kan náà, tí Calgary sì fi ẹ̀tọ́ ìyàn kan ṣoṣo ti ìpele kejì rà. Calgary jà dé àṣekágbá pẹ̀lú Tampa Bay, góòlù 13 sì ni Iginla gbá nínú ìdíje náà. Wọ́n ti borí mẹ́ta, ẹyọ kan ni ó kù, ní ilé wọn. Ní eré kẹfà náà, nígbà tí wọ́n wà ní 2 sí 2, róbà kan kan bàtà Martin Gelinas lọ sí ẹnu àwọ̀n kí aṣọ́lé Tampa Bay tó fi ẹsẹ̀ dá a padà. Títí di òní ni àwọn ará Calgary ń búra pé ó ti kọjá ilà. Adájọ́ eré kò kà á. Tampa Bay borí nínú àfikún àkókò kejì, wọ́n tún borí ní eré keje, 2 sí 1.

Kò sí ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn olówó ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré, wọ́n ní àfi kí gbèdéke wà fún owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré kọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2005 wọ́n fagi lé gbogbo sáà náà. Láti ọdún 1919 tí àjàkálẹ̀ àrùn dá àṣekágbá dúró, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò sí ẹni tí wọ́n gbé ife Stanley fún. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, gbèdéke dúró: 39 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sáà 2005 sí 2006. Wọ́n gé owó àdéhùn tí ó wà nílẹ̀ ní ìpín 24 nínú 100. Ní ìdàkejì, wọ́n fa ọjọ́ orí òmìnira wálẹ̀ láti 31 títí ó fi di 27. Ta ni ó borí? Àwọn olówó ni, lójú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìlú bí Calgary rí ọ̀nà láti di ẹni tirẹ̀ mú, ní ọdún 2007 wọ́n sì bá Iginla ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún sí i, 35 mílíọ̀nù dọ́là.

Gbèdéke náà ti ga títí ó fi di 95.5 mílíọ̀nù fún sáà 2025 sí 2026, ṣùgbọ́n ó yí irú ìjà tí ń bẹ nínú ìdúnàádúrà padà. Tẹ́lẹ̀, eléré ń fa owó kúrò lápò olówó. Láti ọdún 2005, ohun tí ẹnì kan bá gbà ti dín ìpín ẹni tí ó jókòó tì í nínú yàrá ìmúra kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, McDavid tí Edmonton mú nínú gègé ọdún 2015 lè béèrè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé àṣekágbá ní ọdún 2024 àti 2025, Florida sì nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó fọwọ́ sí ọdún méjì péré, 12.5 mílíọ̀nù ní ọdún kan, iye tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ gan-an, kí owó lè kù fún àwọn tí yóò bá a jà. Ọ̀làwọ́ ni àwọn kan pè é. Ẹni tí ó bá tún un wò yóò rí i pé ọdún méjì náà jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn olówó rẹ̀.

Nínú ìwé àdéhùn Iginla, gbólóhùn kan wà tí ó níye lórí ju 35 mílíọ̀nù lọ: Calgary kò lè gbé e lọ sí ibòmíràn láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí Dallas ṣe fún un ní ọdún 1995, kò sí ẹni tí ó tún lè ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, nígbà tí Calgary ti bàjẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti di 35, wọ́n gbà pé kí ó lọ wá ife níbi tí ife wà. Boston fẹ́ ẹ. Ìròyìn ti kún ìgboro pé Boston ni ó ń lọ. Ní òru, ọ̀rọ̀ yí padà. Pittsburgh ni òun fẹ́, ó wí. Òmìnira tí ó fi ọdún 17 wá nìyẹn, ó sì lò ó. Ní oṣù kẹfà, Pittsburgh àti Boston pàdé ní ìpele kẹta. Eré mẹ́rin péré, Boston borí gbogbo rẹ̀. Góòlù méjì ni Pittsburgh gbá lápapọ̀, kò sí ti Iginla níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó fọwọ́ sí ìwé Boston fún ọdún kan. Ó gbá góòlù 30 fún wọn, Boston ṣe ipò kìíní nínú líìgì, Montreal sì lé wọn jáde ní ìpele kejì. Àwọn owó ẹ̀bùn tí ó wà nínú àdéhùn rẹ̀ ti jẹ gbèdéke ọdún tí ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ààyè kò sí fún un mọ́. Ó gba Colorado lọ fún ọdún mẹ́ta, 16 mílíọ̀nù. Ní ọdún 2018 ó kéde pé òun ti fi bàtà kọ́. Eré 1,554, góòlù 625, kò sí ife. Ní ọdún 2020 wọ́n yàn án sínú ilé ọlá họ́kì.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n ṣe ìyàn ọdún náà ní Las Vegas. Ẹgbẹ́ Arizona tí àwọn ará Buffalo hó fún ní ọdún 2015 kò sí mọ́. Wọ́n ti kó àwọn eléré rẹ̀ lọ sí Utah ní oṣù kẹrin. Utah ni ó ní ìyàn kẹfà, ìyàn àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Jarome Iginla ni wọ́n rán jáde sórí pèpéle láti wá dárúkọ ẹni tí wọ́n mú. Ó dárúkọ Tij Iginla, ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 17 tí ó gbá góòlù 47 nínú líìgì ọ̀dọ́ ní sáà yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó gba aṣọ, ó wọ̀ ọ́. Ní Calgary, níbi tí nọ́ńbà 12 bàbá rẹ̀ wà ní òkè àjà, àwọn ènìyàn ti ń retí pé bóyá yóò kàn wọ́n. Ìyàn kẹsàn-án ni ó wà lọ́wọ́ Calgary.